Ẹ Mú Ike Náà Wá: Fún Obìnrin Tó Ń Lo Sọ́pílímẹ́ǹtì Nítorí Nǹkan Oṣù

Gbogbo ẹni tó bá dé ìdí tábìlì wa ní ilé ìwòsàn là ń bi pé, "Ṣé ẹ ń lo oògùn kankan nílé?" Èsì tí a sábà ń gbọ́ ni "Rárá o." Tí wọ́n bá wá ṣí báàgì láti mú káàdì, ike á yọ.

"Àǹtí, èyí ńkọ́?"

"Háà, nọ́ọ̀sì, ìyẹn kì í ṣe oògùn. Sọ́pílímẹ́ǹtì ni. Ewé lásán ni wọ́n fi ṣe é."

Lọ́dọ̀ tiwa, oògùn ni. Kápúsù ata ilẹ̀, ata ilẹ̀ pupa, gríìn tíì, mọ̀ríńgà, àgúnmu inú ọ̀rá, agbo inú ike omi: ohunkóhun tí ẹ bá ń gbé mì nítorí nǹkan oṣù, ẹ dárúkọ rẹ̀ kí a tó bi yín lẹ́ẹ̀kejì.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn

Ata ilẹ̀, ata ilẹ̀ pupa àti aáyù tí wọ́n kó pọ̀ sínú kápúsù lè má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ẹni tó ń lo warfarin tàbí aspirin mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dà jù. Ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fáíbírọ́ìdì gbọ́dọ̀ ti dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Tó bá jẹ́ orí ibùsùn iṣẹ́ abẹ lẹ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí, a lè sún ọjọ́ náà síwájú, ẹ má bínú. Ata ilẹ̀ inú ọbẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ máa sebẹ̀ yín.

Gríìn tíì inú kọ́ọ̀bù yàtọ̀ sí ti kápúsù. Lọ́dún 2018, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ nílẹ̀ Yúróòpù kìlọ̀ pé èròjà rẹ̀ tó ń jẹ́ EGCG, tó bá tó 800 mg lójúmọ́, lè da ẹ̀dọ̀ láàmú. Tí ojú bá pọ́n bí àwọ̀ ìyeyè, tàbí tí ìtọ̀ bá dúdú, ẹ dá a dúró, kí ẹ wá lọ́jọ́ náà. Tíì kì í sì í jẹ́ kí ara gba oògùn ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Ẹ fi wákàtí méjì sí àárín wọn.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Nígbà nǹkan oṣù, ilé ọmọ máa ń pèsè èròjà prostaglandin tó ń mú kó fún pọ̀. Ibẹ̀ ni inú rírun ti ń wá. Ibuprofen ń dín in kù, ó sì jọ pé ata ilẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí, 750 sí 2000 mg ìyẹ̀fun rẹ̀ lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́, dẹ ìrora àwọn kan. Ìwádìí wọ̀nyí kéré, wọn ò sì lágbára tó. Kò sì sí ike kankan tó lè rọ́pò síkáànù.

Nọ́ńbà NAFDAC kò sọ pé ó ń wo àrùn sàn. Ẹ ka ara ike oògùn ìbílẹ̀ dáadáa: ọ̀pọ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ń sọ wò.

Ẹni tó wọ kóòtù funfun tó ń ta ike níwájú géètì kì í ṣe ara wa.

Ẹ má dúró kí ike tán kí ẹ tó wá

Tí páàdì kan bá ń rin gbingbin láàárín wákàtí kan, léraléra; tí ẹ̀jẹ̀ bá kọjá ọjọ́ méje; tí òòyì bá ń kọ́ yín; tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá pátápátá. Tó bá jẹ́ pé ẹ kò rí nǹkan oṣù ni, ẹ jẹ́ kí a yẹ oyún wò kí ẹ tó mu ohunkóhun tí wọ́n ní ó ń fọ ilé ọmọ.

Bí ẹ ṣe máa mú un wá

Ike gan-an ni kí ẹ mú wá. Ẹ má da kápúsù sínú ọ̀rá, nítorí a kò lè ka ara kápúsù. Tí ẹ bá ti sọ ike nù, ẹ fi fóònù ya ti aládùúgbò tó ń lo irú rẹ̀, tiwájú tẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ agbo, ẹ bù díẹ̀ wá, kí ẹ sọ iye ìgbà tí ẹ ń mu ún lójúmọ́. A kò ní gbà á lọ́wọ́ yín, nọ́ọ̀sì kò sì ní bá yín jà.