Ogun Gabon 1940: Wáyà tí De Gaulle, Churchill àti gómìnà Libreville tẹ̀ nígbà tí ìṣẹ́gun jìnnà

Tí ẹ bá rìn dé Plaine Orety tàbí àdúgbò mìíràn ní Libreville, olú ìlú Gabon, kò ní ya yín lẹ́nu tí ẹ bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu oníṣòwò tó wá láti Nàìjíríà tàbí Benin. Ohun tí ọ̀pọ̀ lè má mọ̀ ni pé ní oṣù Kọkànlá ọdún 1940, ọmọ ogun Faransé ń yìnbọn lu ọmọ ogun Faransé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú yìí. Kí ìbọn tó dún, wáyà ló kọ́kọ́ jà.

Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹfà ọdún náà, Faransé túúbá fún Jámánì. Ìjọba Philippe Pétain fìdí kalẹ̀ sí Vichy. Ọ̀gágun Charles de Gaulle ti sá lọ sí London, ó ní òun kò gbà. Ọmọ ogun rẹ̀ kò pọ̀, kò sì ní ilẹ̀ kankan tó lè pè ní tirẹ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà ló ń wò.

Èkó wà nínú ọ̀rọ̀ náà

Ní oṣù Kẹjọ, ó rán René Pleven, Philippe Leclerc àti Claude Hettier de Boislambert wá sí Èkó, níbi tí Bernard Bourdillon, gómìnà Nàìjíríà, ti ràn wọ́n lọ́wọ́. Pleven wọ bàálù lọ bá Félix Éboué, aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ gómìnà Chad. Ní ọjọ́ 26, Chad gbà. Leclerc wọ ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ lóru lọ sí Douala, ó sì ti sọ ara rẹ̀ di kọ́nẹ́ẹ̀lì kí àwọn ológun ibẹ̀ má baà fojú di í. (Ẹni tí kò láyà kò lè dán irú èyí wò.) Cameroon gbà lọ́jọ́ kejì, Brazzaville tẹ̀ lé e.

Wáyà méjì láti ọwọ́ ẹnì kan

Lọ́jọ́ 29, Georges Masson, gómìnà Gabon, tẹ wáyà pé òun náà ti bá De Gaulle dúró. Ṣùgbọ́n ní Libreville, bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì, Louis Tardy, àwọn ológun ojú omi àti àwọn èèyàn ńlá míì fara mọ́ Vichy. Kò pé ọjọ́ mélòó kan tí Masson fi yí ọ̀rọ̀ padà. Vichy sì fi Ọ̀gágun Têtu ránṣẹ́ láti wá ṣàkóso.

Ibi tó le jù ni Dakar. Láti ọjọ́ 23 sí 25, oṣù Kẹsàn-án, De Gaulle àti ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbìyànjú láti gba ìlú náà. Kùrukùru bo ojú omi, ìbọn ńlá inú ìlú kò sì sinmi. Churchill, olóòtú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ tẹ wáyà sí àwọn ọ̀gá ológun rẹ̀ pé kí wọ́n jà á dópin. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Resolution fara gba bọ́ǹbù abẹ́ omi, ìjọba London ní kí wọ́n fi ìlú náà sílẹ̀.

Kí ni èèyàn máa kọ sí alájọṣe rẹ̀ lẹ́yìn irú èyí? De Gaulle sọ lẹ́yìn náà nínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé àwọn ọjọ́ yẹn korò fún òun. Ká ní Churchill já a sílẹ̀ nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ì bá ti parí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá, Churchill sọ fún ilé aṣòfin pé ìjọba òun kò ní fi í sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni De Gaulle gúnlẹ̀ sí Douala.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dojú kọ Gabon. Lambaréné túúbá ní ọjọ́ 5, oṣù Kọkànlá. Ọjọ́ 8, ọmọ ogun Koenig gúnlẹ̀ sí Pointe Mondah, nítòsí Libreville. Ọjọ́ kejì, ọkọ̀ Savorgnan de Brazza rì Bougainville, ọkọ̀ tí wọ́n kàn bí ìbejì rẹ̀. Libreville bọ́ sọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ 10.

De Gaulle fúnra rẹ̀ wá síbẹ̀ ní ọjọ́ 15, ó rọ àwọn tí wọ́n mú lẹ́rú ogun pé kí wọ́n wá bá òun jà. Díẹ̀ ló gbà. Masson, tó tẹ wáyà méjì tí kò bára mu, gba ẹ̀mí ara rẹ̀.