Ṣé O Mọ̀? Abẹ̀bẹ̀ Huey àti Rúlà Ilé Ìwé Rẹ

Ṣé o ní rúlà ilé ìwé nílé? Èyí tó gùn ní íǹṣì 12 yẹn. Gbé e sọ́wọ́.

Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn, bí abẹ̀bẹ̀ orí hẹlikópítà ogun kan ṣe gùn gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni o! Huey ni wọ́n ń pe hẹlikópítà náà. Ti irú UH-1D, abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 48 láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó. Àwọn tó ń fi ike to Huey kékeré jọ sórí tábìlì sì fẹ́ràn ìwọ̀n 1/48. Mú ẹsẹ̀ bàtà 48, pín in sí 48. Kí ló kù? Ẹsẹ̀ bàtà kan. Rúlà rẹ nìyẹn!

Ṣé o mọ̀ pé Huey kì í ṣe orúkọ tí ìjọba Amẹ́ríkà sọ ọ́? Iroquois ló wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n HU-1 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe àmì rẹ̀. Àwọn ṣọ́jà bá pè é bí ẹni pe orúkọ èèyàn. Ó di Huey. Ní 1962, ìjọba yí i padà sí UH-1. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Àní ilé iṣẹ́ Bell tó ṣe é gan-an kọ HUEY sára pẹ́dà tí awakọ̀ rẹ̀ ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Lára ti ike, pẹ́dà yẹn kò tó èékánná ọmọ tuntun. Àwọn kan ṣì ń kùn ún lọ́dà o! Ta ló máa rí i? Kò kàn wọ́n.

Ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 1956 ni Huey kọ́kọ́ gbéra nílẹ̀. Wọ́n ti ṣe ju 16,000 lọ. Nǹkan bí 7,000 ló lọ sógun Vietnam. Èyí tó ju 3,000 lọ nínú wọn ni kò padà wálé.

Ìwọ̀n mìíràn tún wà, 1/72. Níbẹ̀, ọkùnrin tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 di íǹṣì kan péré. Awakọ̀ rẹ lè sùn sórí àtàǹpàkò rẹ.

To Huey 72 bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, wọ́n á gùn tó òjúlówó kan. O rò pé 72 náà ló máa kún àyè rẹ̀? Rárá o. 373,248 ni! Ṣe 72 lọ́nà 72 lọ́nà 72, o máa rí i.

Ṣé o mọ̀ pé irú nǹkan kékeré yìí ti ṣiṣẹ́ ogun rí? Ní 1942, ilé iṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà bẹ àwọn ọmọ ilé ìwé pé kí wọ́n bá wọn gbẹ́ bàálù kéékèèké. Mélòó? 500,000! Ìwọ̀n 1/72 ni gbogbo rẹ̀, ọ̀dà dúdú ni wọ́n kùn ún. Wọ́n fi ń kọ́ àwọn ṣọ́jà kí wọ́n lè dá bàálù ọ̀tá mọ̀ lókèèrè. Dúró sí ẹsẹ̀ bàtà 35 sí ọ̀kan, lójú rẹ ó ti jìnnà tó nǹkan bí ìdajì máìlì.

Ó yá, jẹ́ ká to tiwa.

Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ ike yìí kì í lẹ nǹkan kan. Ó ń yọ́ ike ni! Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á rọ̀, wọ́n á wọnú ara wọn, wọ́n á di ọ̀kan. Tó bá gbẹ, o ò lè tú wọn mọ́.

Má fi súpágúlù sún mọ́ fèrèsé o! Èéfín rẹ̀ á bo gíláàsì ike náà funfun, bí ojú tó ní àrùn. Gọ́ọ̀mù funfun káfíńtà ni kó o lò. Funfun ni nígbà tó o kán an, tó bá gbẹ, ó mọ́ gaara bí omi.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù rèé: omi tí wọ́n fi ń mú ilẹ̀ ilé dán, ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń ri fèrèsé hẹlikópítà wọn bọ inú rẹ̀. Ó ń dán bí díńgí.

Wáyà rédíò ńkọ́? Má rà á. Ṣé o rí férémù ike tí àwọn ẹ̀yà so mọ́ bí ọsàn lórí ẹ̀ka, tó o ti fẹ́ dà nù? Gé díẹ̀. Dì í mú lápá méjèèjì, máa yí i lókè iná àbẹ́là. Má jẹ́ kó gbiná. Tó bá ti ń dán, tí àárín rẹ̀ ń tẹ̀ wálẹ̀, gbé e kúrò, kà á dé méjì, kó o fà á. Fíìì! Ó di fọ́nrán tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Fífà yẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ọ̀dà Huey ní nọ́ḿbà: 34087. Àwọ̀ ewé ewúro tó ti ń gbẹ ni. 3 tó ṣáájú ń sọ fún ọ pé kì í dán. 4 tó tẹ̀ lé e ní ìdílé àwọ̀ ewé ló ti wá. Bí oríkì!

Ṣùgbọ́n kun ọ̀dà òjúlówó gan-an sára Huey kékeré, yóò ṣókùnkùn jù. Kán funfun díẹ̀ sí i, ojú rẹ á gbà pé òótọ́ ni.

Erùpẹ̀ ọ̀pọ̀ ibi ní Vietnam pupa bíi tiwa. Nítorí náà, lọ ṣọ́ọ̀kì pupa kúnná, fi búrọ́ọ̀ṣì rọra tẹ̀ ẹ́ sí ikùn rẹ̀. Wò ó! Bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà oko dé lásìkò ọyẹ́.

Wàyí o, wo òkè abẹ̀bẹ̀ náà. Ọ̀pá kékeré kan dábùú rẹ̀, ó ní nǹkan wíwúwo lẹ́nu méjèèjì. Òun ló máa ń kán jù. Tèmi kán lẹ́ẹ̀mẹta.

Ṣé o mọ ibi tí ọ̀pá yẹn ti wá? Lára hẹlikópítà kékeré ni! Arthur Young ló ṣe é, ní oko kan ní Paoli, ní Pennsylvania. Láti 1928 ló ti ń ṣe kékeré, tó ń já, tó ń tún òmíràn ṣe. Ọdún 1941 ló gbé èyí tó ń fò dáadáa lọ han ilé iṣẹ́ Bell. Wọ́n gbà á síṣẹ́.

O rò pé Young nìkan ni hẹlikópítà kékeré ṣí ọ̀nà fún? Ní 1878, bíṣọ́ọ̀bù kan gbé nǹkan ìṣeré wálé fún àwọn ọmọ rẹ̀: ọparun, kọ́ọ̀kì, ìwé, àti rọ́bà tó ń yí i. Hẹlikópítà ni! Ó fò lọ kan àjà. Ọmọ ọdún 11 àti 7 ni wọ́n. Wilbur àti Orville Wright ni, àwọn tó wá ṣe bàálù.

Ká padà sọ́dọ̀ Young: hẹlikópítà Bell 47 ló wá fi ọ̀pá rẹ̀ sí. Gíláàsì iwájú rẹ̀ rí roboto bí ìhó ọṣẹ. Nínú ogun Korea, àwọn ṣọ́jà tó gbọgbẹ́ tí irú rẹ̀ gbé jáde tó nǹkan bí 18,000. Ìta ni wọ́n sùn sí, lórí ibùsùn tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀!

Bell 47 kan ti di ti ilé ọnà MoMA ní New York láti 1984. Òjúlówó ni o, kì í ṣe ike. Wọ́n fi wáyà so ó rọ̀ sókè, bí ọmọdé ṣe ń so tirẹ̀ rọ̀ sí àjà yàrá. Bó o bá débẹ̀, gbójú sókè, bóyá wàá rí i.