Ìdí tí mọ́tò àtijọ́ fi ń hó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kétu sí Máìlì 12, àti bí ẹ ṣe lè gbà á là

Ẹni tó bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Ìkòròdú, láàárín Kétu sí Máìlì 12, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, kò ní í pẹ́ rárá kó tó rí mọ́tò kan tí wọ́n ti tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀, tí oru omi sì ń rú túú láti inú rẹ̀. Awakọ̀ ibẹ̀ yóò ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, yóò fi wé ọwọ́, yóò máa wá bí yóò ṣe ṣí ọmọrí rédíétọ̀. Àwọn ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá yóò ti sáré débẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọjà ti dé. Bí ẹ bá wo mọ́tò náà dáadáa, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe tuntun. Ó lè jẹ́ Peugeot 504, ó sì lè jẹ́ Mercedes tí wọ́n ti ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń ka ìwé ìròyìn yìí tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn tó ń fi mọ́tò àtijọ́ ṣe fàájì nìkan. Ọjà Máìlì 12 ni tòmátì, ata àti àlùbọ́sà ti ń wọlé láti ilẹ̀ Hausa, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni 504 elérù fi wà lára àwọn ọkọ̀ tó ń pín wọn káàkiri ìgboro Èkó. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kú sójú ọ̀nà fún wákàtí mẹ́rin nínú oòrùn, ẹni tó ni apẹ̀rẹ̀ tòmátì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ ohun tí òun yóò bá nínú apẹ̀rẹ̀. Ọdún 1968 ni wọ́n gbé 504 jáde nílẹ̀ Faransé. Ní 1975, ilé-iṣẹ́ Peugeot tó wà ní Kaduna bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò, ọdún náà gan-an sì ni àwọn Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá l'Ọ́jọ̀ọ́, lọ́nà Àgbádárìgì. Àwọn Faransé fúnra wọn jáwọ́ nínú 504 onílé ní 1983, ṣùgbọ́n Kaduna ń bá a lọ títí ó fi wọ inú ọdún 2000. Ìdí nìyẹn tí ó fi ṣòro kí wọ́n tó tán lójú títì wa.

Ohun tó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ̀ ni pé díẹ̀ nínú epo tí à ń rà sínú mọ́tò ló ń yí táyà. Bí a bá pín ooru tí epo ń mú wá sí ọ̀nà mẹ́ta, ìdá kan, tí kì í tilẹ̀ pé nínú mọ́tò àtijọ́, ni yóò ṣe iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ rà á. Ìdá kan yóò bá èéfín gba sálẹ́ńsà jáde. Èyí tó kù, omi ni yóò gbé e. Pọ́ǹpù ń ti omi yíká inú ẹ́ńjìnnì, omi náà yóò gba hóòsì òkè wọ inú rédíétọ̀, yóò ṣàn gba inú àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí lára, yóò sì gba hóòsì ìsàlẹ̀ padà lọ gbé ooru mìíràn. Jámánì kan tó ń jẹ́ Wilhelm Maybach ló gbé irú rédíétọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde fún Mercedes ní 1900. Ọ̀pá kéékèèké inú rẹ̀ lé ní 8,000. Gbogbo rédíétọ̀ tí ẹ ń rí lónìí, ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tirẹ̀ ni.

Nígbà tí mọ́tò bá ń sáré lórí afárá Third Mainland, eré tó ń sá gan-an ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí rédíétọ̀. Ṣùgbọ́n tí ó bá dé Kétu, tí ó dúró gbọn-in, kò sí atẹ́gùn kankan mọ́ àfi èyí tí fáànù bá fà. Bẹ́ẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́, bẹ́líìtì kan náà ló ń yí fáànù àti pọ́ǹpù omi, tí ẹ́ńjìnnì bá sì ń rọra yí, àwọn náà yóò rọra yí. Àsìkò tí a nílò wọn jù ni agbára wọn kéré jù. Àwọn tó ṣe 504 fi ọgbọ́n kan kún tiwọn: òòfà oníná ló ń gbá fáànù mú nígbà tí omi bá gbóná dé ìwọ̀n kan, tí ó sì ń jù ú sílẹ̀ nígbà tí omi bá rọ̀. Iná tó ń lọ sínú òòfà náà ń gba ara kábọ́ọ̀nù kékeré kan kọjá. Bí kábọ́ọ̀nù yìí bá jẹ tán, tàbí tí wáyà rẹ̀ já, fáànù yóò kàn máa yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi tipátipá mú wá síbi iṣẹ́. Ọ̀nà tó bá dán, tó sì ṣófo, kò ní í tú àṣírí rẹ̀. Ó di inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kó tó sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti pààrọ̀ rédíétọ̀ lásán nítorí kábọ́ọ̀nù tí rewáyà ìbá fi wò ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí èyí tó ń bí mi nínú jù, ìyẹn ọ̀rọ̀ tẹmositáàtì. Ilẹ̀kùn kékeré ni, ó wà lẹ́nu ọ̀nà tí omi ń gbà lọ sí rédíétọ̀. Títì ló máa ń wà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí tí omi bá gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 82 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa máa ń kọ́kọ́ ṣe tí mọ́tò bá ti gbóná ni pé wọn yóò yọ ọ́ jù nù, wọn yóò ní ìlú òyìnbó tó ń tutù ni wọ́n ṣe é fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó bó ṣe yẹ máa ń jẹ epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú rẹ̀ sì ń tètè jẹ. Láti oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, mi ò rí ẹni tó lówó tó yẹ kó máa fi ṣòfò báyìí. Yàtọ̀ síyẹn, àwọn ẹ́ńjìnnì kan ní ọ̀nà àbùjá tí tẹmositáàtì máa ń dí nígbà tó bá ṣí. Bí ẹ bá yọ ọ́, omi gbígbóná yóò máa gba àbùjá náà padà sínú ẹ́ńjìnnì láì dé rédíétọ̀ rárá, ooru tí ẹ ń sá fún yóò sì pọ̀ sí i. Kí ẹ tó fi tuntun sí i, ẹ fi okùn so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi lórí iná. Ó yẹ kó ti là kí omi náà tó hó.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Bàbá mi ní 504 kan tí mẹkáníìkì kan ti yọ tẹmositáàtì rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọwọ́ géèjì kò fi bẹ́ẹ̀ gòkè mọ́, ọkàn bàbá mi sì balẹ̀ pátápátá. Lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń ti Ìkòsí bọ̀, hóòsì ìsàlẹ̀ bẹ́. Ọwọ́ géèjì gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì tún wálẹ̀. Bàbá mi ní, “Ọlọ́run ṣeun, ó ti tutù,” wọ́n ń wakọ̀ lọ. Wọn kò mọ̀ pé omi ti tán nínú ẹ́ńjìnnì ni, àti pé ohun tó ń sọ bí ooru ṣe tó fún géèjì kò rí omi fọwọ́ bà mọ́, ó ń wọn afẹ́fẹ́ lásán. Kí wọ́n tó dé Ọ̀jọ́ta, ẹ́ńjìnnì ti gan pa. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe tọ́ọ̀pù ẹ́ńjìnnì 504, irin ni wọ́n fi ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tí ooru bá kọjá àlà, tọ́ọ̀pù yóò wọ́, gásíkẹ̀tì yóò jó, omi àti ọ́ìlì yóò sì dàpọ̀. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fi tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílé fún odidi ọdún kan. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé ọwọ́ géèjì ṣàdédé já wálẹ̀ lẹ́yìn tó ti gòkè, ẹ pa mọ́tò lójú ẹsẹ̀.

Ọmọrí rédíétọ̀ náà kì í ṣe ọmọrí lásán. Omi inú ìkòkò ọbẹ̀ máa ń hó ní ìwọ̀n 100. Ọmọrí yìí ló ń há oru mọ́ inú, tí omi inú mọ́tò fi lè dé nǹkan bí 120 kó tó hó. Bí rọ́bà inú rẹ̀ bá ti gbó, omi yóò máa hó kí àsìkò tó tó, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé ẹni tó bá ṣí i nígbà tó gbóná ń fi ojú ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Lójú ẹsẹ̀ tí ọmọrí bá ti kúrò, omi tó ti kọjá 100 yóò ṣàdédé hó, òun àti oru yóò sì tú síta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Aṣọ tí ẹ fi wé ọwọ́ kò lè gba ojú yín. Ẹ dúró títí tí hóòsì òkè yóò fi ṣeé fọwọ́ dì mú.

Ní ti omi tí à ń bù sí i, omi kànga àti ti bọ́hò tó ń dógùn-ún lára báágẹ́ẹ̀tì wa nílé, ohun kan náà ló ń ṣe nínú rédíétọ̀. Ìdọ̀tí rẹ̀ yóò dì mọ́ ara àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn títí wọn yóò fi dí. Omi òjò tí kò gba orí páànù ìpàtà kọjá sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n kọ́láǹtì gidi tí ẹ fi omi tó mọ́ là ní ìdajì sí ìdajì ló dára jù. Òyìnbó fi ń lé yìnyín, àwa ń fi lé ìpàtà, ó sì ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó. Ẹ máa dà á nù ní ọdún méjì-méjì, kí ẹ fi omíràn sí i. Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀ o: kọ́láǹtì máa ń dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ẹ rántí pé láti ìparí 2008 wọ 2009, oògùn eyín àwọn ọmọdé kan tí wọ́n po kẹ́míkà tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́ mọ́ pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà. Ẹ má ṣe tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò Fáńtà, ẹ má sì jẹ́ kí ó ṣàn sílẹ̀ níbi tí ewúrẹ́ tàbí ọmọ lè dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní Ìjàpá lè ti máa rẹ́rìn-ín, nítorí mọ́tò yín kò ní rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ú lára. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí fáànù yẹn, tí iná pupa bá sì tàn níwájú yín, ẹ má rò pé bátìrì nìkan ni. Ó lè jẹ́ pé bẹ́líìtì ti já, ẹ kò sì ní àǹfààní àtidé ilé. Ẹ yẹ páànù tó yí ẹ́ńjìnnì ká wò, àti rọ́bà etí wọn. Àwọn tó ń kun mọ́tò máa ń yọ wọ́n dànù, wọ́n ń rò pé ẹ̀ṣọ́ ni. Iṣẹ́ wọn ni láti má ṣe jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná abẹ́ mọ́tò padà sókè wá bá fáànù. Ọ́ìlì tún wà lára ohun tó ń tu Ìjàpá lára, nítorí náà ọ́ìlì tó bá lọ sílẹ̀ jẹ́ ooru.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó fẹ́ pààrọ̀, kó kọ́kọ́ ronú dáadáa kó tó jù rédíétọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ nù. Bàbà àti idẹ ni wọ́n fi ṣe ti àtijọ́. Wọ́n ṣeé jó, wọ́n ṣeé tú palẹ̀, wọ́n sì ṣeé fi inú tuntun sí. Ti òde òní tí orí rẹ̀ jẹ́ ike, bó bá ti là, ó ti lọ nìyẹn. Àwọn tó ń ra irin àlòkù mọ iye tí bàbà ń tà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé tiyín ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe láìṣe pé ẹ rí i tó fi omi dán an wò níṣojú yín. Ní Owódé Onírin, níwájú Máìlì 12 lọ́hùn-ún, ẹ lè rí tòkunbọ̀ tó gbòòrò ju tiyín lọ, ṣùgbọ́n ẹ gbé ti àtijọ́ dání láti fi wọ̀n ọ́n. Fáànù oníná dára púpọ̀ fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nítorí kò bìkítà bóyá ẹ́ńjìnnì ń sáré. Rewáyà gbọ́dọ̀ fi rílè àti fíúùsì sí i, kó sì mọ̀ bóyá ohun tó ń mú iná wá nínú mọ́tò yín lè gbé e. Lẹ́yìn tó bá dè é tán, ẹ mú ewé bébà kan síwájú rédíétọ̀. Bí fáànù bá fà á mọ́ra, ó ń yí síbi tó yẹ. Bí ó bá fẹ́ ẹ dànù, wọ́n ti fi wáyà rẹ̀ dojú rú, ó ń bá atẹ́gùn ojú ọ̀nà jà.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ọwọ́ géèjì ń gòkè nígbà tí ẹ wà láàárín ọkọ̀ ní Kétu, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù. Bí hítà mọ́tò yín bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ tan án dé òpin, kí ẹ ṣí wíńdò. Ooru yóò mú yín, ṣùgbọ́n rédíétọ̀ kékeré ni hítà náà jẹ́, ó lè gbé yín jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, kí ẹ dúró ó kéré tán fún ìdajì wákàtí. Ẹ má ra omi tútù látọwọ́ àwọn ọmọ yẹn kí ẹ sì dà á lé ẹ́ńjìnnì lórí, irin gbígbóná tó bá pàdé omi tútù lè sán. Tí ó bá ti tutù, ẹ ṣí ọmọrí díẹ̀díẹ̀, ẹ ṣáná sí mọ́tò, ẹ sì máa rọra da omi sí i bó ṣe ń yí, títí tí kò fi ní í hó fọ́ọ́fọ́ọ́ lẹ́nu rédíétọ̀ mọ́. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ. Bí ó bá funfun bí ẹ̀kọ ògì, ẹ má wà á, ẹ pe ọkọ̀ tó ń fa mọ́tò.