Inú ni kí ẹ ti yọ díìsìkì, kí ẹ tó yọ ọ́ níta

Díìsìkì virtual machine lè máà ju fáìlì kan ṣoṣo lọ lórí kọ̀ǹpútà ńlá tó gbé e ró. Ìyẹn ló ń mú kí àwọn alábòójútó sáfà fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú yíyọ rẹ̀. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n á ti ìta tẹ virsh detach-disk. Láìpẹ́, Linux inú ẹ̀rọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe: “Buffer I/O error”, “lost async page write”. Wọ́n á ní díìsìkì ti bàjẹ́. Rárá o, kò sóhun tó ṣe díìsìkì.

Mẹ́mórì ni ká wò. Bí ètò kan bá kọ nǹkan sí fáìlì, Linux kì í sáré gbé e dé orí díìsìkì. Á kọ́kọ́ fi í pamọ́ sí mẹ́mórì, á sì sọ fún ètò náà pé iṣẹ́ ti parí. Ohun tí a kọ lè wà níbẹ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá 30. Bí díìsìkì bá lọ lójijì láàárín àkókò yẹn, gbèsè wà lọ́rùn mẹ́mórì, kò sì sí ẹni tí yóò san án fún mọ́.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ẹni tó ni ẹrù lè má gbọ́. Lọ́dún 2018, àwọn tó ń kọ PostgreSQL, ètò database kan, rí i pé Linux lè jẹ́wọ́ àṣìṣe náà lẹ́ẹ̀kan péré fún fsync, àṣẹ tí ètò fi ń ní kí ohun tó kọ dé orí díìsìkì. Bí wọ́n bá tún un pè, á ní kò séwu, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n kọ kò dé díìsìkì. Lọ́dún 2019 ni wọ́n yí i padà: bí fsync bá kùnà, PostgreSQL á dá ara rẹ̀ dúró, á sì tún iṣẹ́ náà ṣe láti inú àkọsílẹ̀ WAL rẹ̀. Wọ́n ṣe é re. Kí iṣẹ́ dúró sàn ju kí ó máa purọ́ lọ.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ dá ètò tó ń lo díìsìkì dúró, kí ẹ sì lo umount. Bó bá ní “target is busy”, lsof á fi ẹni tó dì í mú hàn yín. Ẹ má ṣe sá di umount -l: ojú ló ń gbé e kúrò, ó ṣì wà lọ́wọ́ kernel. Ẹ̀yìn èyí ló kan virsh.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Dídá díìsìkì padà nìkan kò tó. Ó lè gba orúkọ tuntun wọlé, bíi sdc, nígbà tí fódà tí a so ó mọ́ tẹ́lẹ̀ ṣì ń tọ́ka sí sdb tó ti lọ. Ẹ tú ti àtijọ́, kí ẹ fi fsck yẹ tuntun wò kí ẹ tó so ó. Bí kò bá ní padà wá mọ́, ẹ pa ìlà rẹ̀ rẹ́ nínú /etc/fstab. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹ bá tún ẹ̀rọ tàn, systemd lè dúró dè é fún ìṣẹ́jú àáyá 90, kí ó sì jù yín sí emergency mode.