Owó Gbà-máà-bínú fún Aláìsàn Tí Wọ́n Pa Lára ní Ilé-ìwòsàn: Ohun Tó Yẹ Kí Olùkọ́ Mọ̀

Ìfáárà
Nígbà tí ìtọ́jú bá yíwọ́ ní ilé-ìwòsàn, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ ni pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo ikú tàbí àbùkù ara ni ẹ̀bi dókítà. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ̀bi bá wà, òfin fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè owó gbà-máà-bínú. Ohun méjì ló lè ba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́, bí òótọ́ tilẹ̀ wà nínú rẹ̀: àìlẹ́rìí àti àìtètè pẹjọ́. Àwọn ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí.

Ẹ̀rí
Olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ojúṣe dókítà náà ni láti tọ́jú òun. Pé kò ṣe é bí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ṣe yẹ kó ṣe é. Àti pé èyí gan-an ló fa ìpalára. Nínú ẹjọ́ Ojo àti Gharoro, tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ní ọdún 2006, abẹ́rẹ́ kán nígbà iṣẹ́ abẹ ní Ilé-ìwòsàn Ìkọ́ni Fásitì Benin, apá kan rẹ̀ sì kù sínú ikùn obìnrin tí wọ́n ń tọ́jú. Síbẹ̀, obìnrin náà pàdánù ẹjọ́ náà. Kò mú onímọ̀ ìṣègùn kankan wá láti ṣàlàyé ibi tí àṣìṣe wà, àwọn olùjẹ́jọ́ sì mú tiwọn wá.

Àkókò
Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba sọ pé oṣù 3 péré ni a ní láti pè wọ́n lẹ́jọ́ lórí ohun tí wọ́n ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Ní Port Harcourt níbí, Ilé-ìwòsàn Ìkọ́ni Fásitì tó wà ní Alakahia jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Irú ilé-ìwòsàn bẹ́ẹ̀ lè fi òfin yìí gbèjà ara rẹ̀. Oṣù 3 kì í pẹ́ pé fún ẹni tó ṣì wà lórí ibùsùn, tí ẹbí rẹ̀ ṣì ń wá owó oògùn. Gbèdéke yìí kò kan ilé-ìwòsàn aládàáni, ṣùgbọ́n òfin mìíràn fi gbèdéke sí tirẹ̀ náà.

Ibi tí a lè lọ
Ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn dókítà wí lè kìlọ̀ fún dókítà, ó lè dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù 6, ó sì lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Ṣùgbọ́n kì í fún aláìsàn ní kọ́bọ̀. Ilé-ẹjọ́ ló lè pàṣẹ owó, àfi bí ilé-ìwòsàn bá gbà láti san án nítùnbí-ìnùbí. Ẹni tó bá ń dúró de ìgbìmọ̀ náà gbọ́dọ̀ rántí pé oṣù 3 rẹ̀ ń lọ.

Àgbálọgbábọ̀ àti ìmọ̀ràn
Ọ̀dọ̀ olùkọ́ ni aládùúgbò máa ń gbé ìwé lọ pé kó bá òun kà á. Nítorí náà, a dábàá pé:
1. Nínú ẹ̀kọ́ lẹ́tà kíkọ, kí a kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bí a ṣe ń kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ ìtọ́jú. Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018 fọwọ́ sí i pé aláìsàn lè rí tirẹ̀.
2. Kí wọ́n mọ̀ pé ó yẹ kí ẹbí kọ ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì tọ́jú rìsíìtì, káàdì àti àwòrán X-ray.
3. Kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló dára jù láti rí agbẹjọ́rò, àti pé dókítà mìíràn gbọ́dọ̀ yẹ aláìsàn náà wò kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.