Ọwọ́ Àwọn Obìnrin Ló Kun Snow White

Tí wọ́n bá ń sọ bí kátúùnù ṣe bẹ̀rẹ̀, orúkọ ọkùnrin ni wọ́n sábà máa ń dá. Émile Cohl ló ya Fantasmagorie nílẹ̀ Faransé ní 1908. Winsor McCay ló gbé Gertie, ẹranko abàmì ayé àtijọ́ nì, han àwọn ará Amẹ́ríkà ní 1914. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka kan wà nílé-iṣẹ́ kátúùnù tí ìtàn kì í fi bẹ́ẹ̀ yà sọ́dọ̀ rẹ̀: ẹ̀ka tàdáwà àti ọ̀dà. Obìnrin ló kún ibẹ̀.

Rọ́bà ló bí ẹ̀ka náà. Orí ìwé ni McCay ya Gertie sí, nítorí náà ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, John Fitzsimmons, ní láti tún àpáta àti igi ẹ̀yìn ẹranko náà yà sórí ìwé kọ̀ọ̀kan, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Lọ́dún yẹn kan náà ni Earl Hurd kọ̀wé gba ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n mìíràn: ẹ ya ẹni tó ń rìn sórí ìwé rọ́bà tó mọ́ gaara, kí ẹ wá tẹ́ ẹ lé orí ìgbẹ́ tàbí ilé tí ẹ yà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ti pín. Ọkùnrin ń fi pẹ́ńsù yàwòrán, obìnrin ń gbé e lọ sórí rọ́bà.

Iṣẹ́ ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Ẹni tó ń fa ìlà á tẹ́ rọ́bà lé àwòrán, á sì fi gègé àti tàdáwà tẹ̀lé e. Tí ọwọ́ bá gbọ̀n pẹ́nrẹ́n, ojú tó ń rẹ́rìn-ín lè di ojú tó ń sunkún lára ògiri sinimá. Ẹni tó ń kun ọ̀dà ní tirẹ̀ á dojú rọ́bà dé, ẹ̀yìn ni á ti kùn ún, kí ọ̀dà má baà bo ìlà. Ìbọ̀wọ́ funfun ni wọ́n ń wọ̀ kí òógùn má baà ba rọ́bà jẹ́.

Ìṣẹ́jú 83 ni Snow White tí Disney gbé jáde ní 1937, àwòrán 24 ló sì ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ju 119,000 lọ. Lóòótọ́, àwòrán kan a máa dúró fún méjì nígbà mìíràn, àmọ́ ìwé rọ́bà méjì tàbí mẹ́ta náà a máa gun ara wọn, pàápàá níbi tí àwọn aràrá méje bá ti pé jọ.

Hazel Sewell ló ń darí ẹ̀ka náà nígbà yẹn. Àbúrò rẹ̀, Lillian, ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kó tó fẹ́ Walt Disney ní 1925. Síbẹ̀, ní 1938, ilé-iṣẹ́ Disney kọ lẹ́tà sí ọmọbìnrin kan tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yíyà pé ọkùnrin nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ tó gba ọgbọ́n àtinúdá, pé tàdáwà àti ọ̀dà ló wà fún obìnrin. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí títí dòní. Ẹni tó bá ti wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Snow White dáadáa mọ̀ pé àtinúdá wà nínú ọwọ́ tó kùn ún.

Ẹ̀rọ ló tú wọn ká. Ub Iwerks, òṣìṣẹ́ Disney, tún ẹ̀rọ Xerox ṣe kó lè da ìlà pẹ́ńsù kọ sórí rọ́bà tààrà, nígbà tí 101 Dalmatians sì jáde ní 1961, gègé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nídìí iṣẹ́. Àwọn tó ń kun ọ̀dà ṣì wà títí di The Little Mermaid ní 1989. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kọ̀ǹpútà gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ wọn. Iwájú, kátúùnù Èkó tí ilé-iṣẹ́ Kugali bá Disney ṣe ní 2024, kò fojú kan rọ́bà rárá.

Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, tí wọ́n bá ti ya fọ́tò ìwé rọ́bà tán, wọ́n á fọ ọ̀dà rẹ̀ dànù kí wọ́n lè tún un lò. Díẹ̀ lára ti Snow White bọ́ sọ́wọ́ ilé ìtajà iṣẹ́ ọnà Courvoisier ní San Francisco, tó tà á fáwọn tó ń kó iṣẹ́ ọnà jọ. Olówó ńlá ló ń rà á báyìí. Orúkọ Hazel Sewell wà nínú fíìmù náà, láàárín àwọn olùdarí iṣẹ́ ọnà. Ti àwọn obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì kò sí níbẹ̀, kò sì sí lára rọ́bà.