Ohun Tí Àgbà Rí Ní Ìjókòó

Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ rí Ìbàdàn ní àríkárí, àfi kí ó gun òkè Màpó, tàbí kí ó pọ́n ilé gogoro Òkè Àrẹ, tí a kọ́ ní ọdún 1936, tí ará ìlú sì sọ ní Láyípo nítorí àtẹ̀gùn rẹ̀ tí ń yí po. Nígbà tí Ilé Kòkó parí ní Dùgbẹ̀ ní ọdún 1965, àwọn tí ó ráyè gun òkè rẹ̀ tún rí jìnnà sí i. Lónìí, ọmọdé tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá rẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ lè rí ju gbogbo wọn lọ.

Láti ọdún 2005 tí Google Earth ti jáde, àwòrán tí sátẹ́láìtì àti ọkọ̀ òfurufú yà láti òkè ti di ohun tí tọmọdé tàgbà lè wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwa pẹ̀lú jókòó tì í, a sì jẹ́wọ́ pé ìlú tí a rò pé a mọ̀ bí ẹni mowó ṣe àjèjì lójú wa. A rí òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà ní àyíká Màpó, tí wọ́n fara kínra bí ìpẹ́ ẹja. A rí Bódìjà tí òpópó rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ. Olúkúlùkù wá òrùlé ilé tirẹ̀, ẹ̀rín sì sọ.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wa. Nígbà tí a tọ odò Ògùnpa láti adágún omi Agódi wá sí ìsàlẹ̀, ó rí bí òwú tín-ín-rín láàárín ilé. Àlejò yóò béèrè pé, kí ni èyí lè ṣe? Bẹ́ẹ̀ odò yìí kan náà ni ó kún ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí ó gbé ilé àti ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún ṣọṣẹ́ ní Ìbàdàn, ẹ̀mí tí ó lé ní 100 sì bá a lọ.

Kí ló dé tí àwòrán fi odò hàn ní kékeré bẹ́ẹ̀? Kámẹ́rà ojú òfurufú kò lè wo inú ìkùukùu kọjá. Ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́ ni ó ń rí ilẹ̀ yà, ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe ọjọ́ tí àgbàrá ń ru. Kì í ṣe ìlú bí ó ti rí lónìí ni a sì ń wò, bí kò ṣe bí ó ti rí ní ọjọ́ tí a ya àwòrán náà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ọmọdé ti gun ojú sánmà báyìí, òwe náà kò sì tíì yẹ̀. Àwòrán lè fi ibi tí odò wà hàn wá. Àgbà àdúgbò ni ó mọ ibi tí omi dé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó láti òkè. Ẹ ṣí àwọn àwòrán ọdún àtijọ́ tí ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ fi wọ́n wéra, kí ẹ mọ̀ bí ilé bá ti ń sún mọ́ etí omi. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e tọ bàbá tàbí ìyá arúgbó àdúgbò lọ, kí ẹ béèrè ibi tí omi dé. Ẹ̀yin aláṣẹ tí ẹ ń fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́, ẹ ṣe bákan náà kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó ti rí ọ̀nà omi láti òkè, tí ó tún kọ́lé dí i, kò lè wí mọ́ pé òun kò mọ̀.